Èdè Ìlú Tí À Ń Gbé: Ẹ̀kọ́ Tí Kò Kọjá Agbára Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ kọ fún ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Ìlú Bìní

  A fi ọ̀wọ̀ kí Omo N'Oba N'Edo, Uku Akpolokpolo, ẹni tí a ń gbé lábẹ́ òjìji rẹ̀ ní ìlú yìí. Oba gha to kpere, ise! Àwa náà ní kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí a sọ lónìí dá lórí kíkọ́ èdè lẹ́yìn tí a ti dàgbà, ní ìlú tí kì í ṣe ìlú baba wa. A mọ̀ pé ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, ohun tí etí sábà máa ń fẹ́ gbọ́ ni ti gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́, ti àga àti àtíbàbà tí a fẹ́ rà, àti iye tí àwọn baba ìsàlẹ̀ yóò fi lọ́lẹ̀. A kò bá ìyẹn jà. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ gbọ̀ngàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a óò máa ṣe nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ìpàdé oṣooṣù àti ìkómọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa yóò fi parí sórí owó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí èdè ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

ÀWA ÀTI ÌLÚ BÌNÍ

Kò sí ẹni tí ó lè mú ọjọ́ kan pàtó pé ọjọ́ náà ni Yorùbá kọ́kọ́ dé Bìní. Ilé-Ifẹ̀ ń sọ ìtàn tirẹ̀ nípa Ọ̀rànmíyàn àti ọmọ rẹ̀ Eweka. Àwọn àgbà Ẹ̀dó náà ń sọ tiwọn nípa Ekaladerhan. Ibi tí ìtàn méjèèjì kò ti dọ́gba, a kò wá dá ẹjọ́ rẹ̀ níbí. Àlejò tí ó bá jókòó ti onílé tí ó ń bá a jiyàn nípa ẹni tí ó bí baba ẹni, kò ní pẹ́ tí ọbẹ̀ yóò fi tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti jọ ń rìn. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni ó gbà pé orúkọ Èkó pàápàá, inú èdè Ẹ̀dó ni ó ti wá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àgọ́ ogun.

Ní ìgbà ayé àwọn baba wa, Bìní wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Àwọn akọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń ti ọ̀dọ̀ wa wá síbí, ọmọ Ẹ̀dó náà sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1963 ni a dá agbègbè Midwest sílẹ̀. Ó di Ìpínlẹ̀ Bendel ní ọdún 1976, ó sì di Ìpínlẹ̀ Ẹdó ní ọdún 1991. Orúkọ ìjọba ń yí padà, àwa kò kó ẹrù wa. Nígbà tí Yunifásítì Bìní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1973, àwọn mìíràn tún dé nínú wa. Lónìí, ẹ ó bá wa ní Ugbowo àti Uselu, ẹ ó bá àwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba àti ní New Benin, ẹ ó bá àwọn awakọ̀ wa lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti bí ọmọ síbí, àwọn ọmọ náà sì ti ń bí ọmọ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè, láìtan ara wa: ẹni mélòó nínú wa ni ó lè fi èdè Ẹ̀dó sọ ju ìkíni mẹ́ta lọ? Ẹni tí ó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún níbí, tí ó jẹ́ pé "koyo" àti "obokhian" nìkan ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, ó pọ̀ láàárín wa.

OHUN TÍ ÀÌGBỌ́ ÈDÈ Ń GBÀ LỌ́WỌ́ WA

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èdè ni ó ń la ojú náà. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà mẹ́ta wá fún àpẹẹrẹ.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wa ra ilẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú. Ní ọjọ́ tí wọ́n lọ wo ààlà, àwọn àgbà abúlé dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ẹni tí ó ra ilẹ̀ náà dúró láàárín wọn bí igi. Àwọn àgbà ń sọ pé apá kan ilẹ̀ náà jẹ́ ọ̀nà tí gbogbo abúlé ń gbà lọ sí odò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ odi sí i. Alágbàtà tí ó ń ṣe ògbufọ̀ kò sọ èyí fún un. "Wọ́n ní ó dára" ni gbogbo ohun tí ó sọ. Odi tí ènìyàn wa mọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó san owó wíwó rẹ̀. Àwọn abúlé kò rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà ní ojú rẹ̀, etí rẹ̀ ni kò gbọ́.

Èkejì ni iṣẹ́ ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì wa pọ̀ ní ìlú yìí, a sì ń fi wọ́n yangàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá arúgbó kan bá ti oko dé, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò gbọ́ píjìn, kí ni a óò ṣe? Wọn a pe ẹni tí ń gbálẹ̀ kí ó wá túmọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdí obìnrin, tí ìyá náà kò lè sọ níwájú ọmọ rẹ̀, yóò gba ẹnu àlejò kọjá. Nígbà mìíràn ìyá náà yóò kàn dákẹ́, yóò ní inú ni ó ń run òun. Wọn a fún un ní oògùn inú rírun, àìsàn gidi yóò sì bá a padà sílé.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó dùn wá jù, ni ti inú ilé wa. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí gbọ́ Ẹ̀dó, nítorí pé ojú títì ni ọmọdé ti ń kọ́ èdè. Àwọn ni wọ́n wá di ògbufọ̀ fún wa. Bàbá yóò lọ sí ìpàdé àdúgbò, yóò mú ọmọ ọdún méjìlá dání kí ó máa sọ ohun tí wọ́n ń wí fún un. Ọmọ yóò sọ èyí tí ó bá wù ú, yóò fi èyí tí kò wù ú sílẹ̀. Bí onílé bá ń fi ẹjọ́ ọmọ náà sùn bàbá rẹ̀, ta ni yóò túmọ̀ ìyẹn? Ẹ rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ bàbá ni ó ń dínkù níbẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N KỌ́ ÈDÈ LẸ́YÌN TÍ WỌ́N TI DÀGBÀ

Àwáwí tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé "ọjọ́ ti lọ, ẹ̀kọ́ èdè tọmọdé ni". Ó dára kí a wo àwọn tí wọ́n ti ṣe é rí.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní ọdún 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ìyẹn kò yani lẹ́nu nítorí èdè ìyá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1857, nígbà tí ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó tẹ ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jáde ní èdè Ìgbò. Iṣẹ́ tí ó gbé e dé Odò Ọya ni ó mú kí ó kọ́ èdè àwọn tí ó bá níbẹ̀.

Ẹ wo àwọn ará Jámánì pẹ̀lú. Ní ọdún 1845, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Gollmer, ọmọ Jámánì, wà lára wọn. Hinderer, ọmọ Jámánì mìíràn, fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ní ọdún 1853 pẹ̀lú aya rẹ̀ Anna. Nínú ariwo ogun àti àìsàn ibà, Hinderer kọ́ Yorùbá débi pé ó túmọ̀ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ìwé tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi kọ́ ìwé kíkà. Ní ayé tiwa yìí, Susanne Wenger, tí a bí ní ilẹ̀ Austria ní ọdún 1915, tí èdè Jámánì jẹ́ èdè ìyá rẹ̀, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 35. Ó gbọ́ Yorùbá, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà, wọ́n ń pè é ní Àdùnní, Òṣogbo ni ó sì kú sí ní ọdún 2009. Ẹni tí ó bá sọ pé èdè Yorùbá rọrùn fún òyìnbó, kí ó gbìyànjú láti fi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kọ́ òyìnbó kan ní alẹ́ kan.

Èyí tí ó kan ìlú yìí gan-an ni ti Hans Melzian. Ọmọ Jámánì ni òun náà. Ó wá láti kọ́ èdè Ẹ̀dó, ó jókòó ti àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ, ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìṣísókè-ìsísàlẹ̀ ohùn hàn. Ìwé atúmọ̀ èdè Ẹ̀dó tí ó ṣe jáde ní London ní ọdún 1937. Kò bá Ẹ̀dó tan, kò jọ wọ́n jẹ ẹ̀kọ rí, èdè wọn kò sì jọ tirẹ̀ ní ọ̀nà kankan. Àwa tí a fi odi kan pààlà pẹ̀lú wọn, kí ni a fẹ́ sọ?

ÈDÈ JÁMÁNÌ TÍ ÀWỌN ỌMỌ WA Ń KỌ́

Ó ní ìdí tí a fi dárúkọ Jámánì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tí ó ń kọ́ èdè náà lọ́wọ́ nítorí pé ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí kí ó lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀, tàbí kí ó lọ kàwé níbẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1951, ọmọ Nàìjíríà 11 dé Leipzig, ní apá ìlà-oòrùn Jámánì, láti kàwé. Géńdé ọkùnrin ni wọ́n, wọn kò gbọ́ èdè náà. Èdè ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó kọ́ kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn yìí ni ó dàgbà di ilé-ẹ̀kọ́ tí a wá sọ ní Herder-Institut ní ọdún 1961, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ti kọ́ èdè Jámánì. Ní Èkó, Goethe-Institut ti wà láti ọdún 1962.

Láti ọdún 2007 ni òfin Jámánì ti sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbọ́ èdè náà díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a yọ àwọn kan sílẹ̀ nínú òfin yìí. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín ẹ̀kọ́ náà sí, láti A1 dé C2. A1 ni ti ìbẹ̀rẹ̀, B2 ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Fún ẹni tí ó bá ti dé ọ̀hún, ìjọba wọn ti ní ètò ẹ̀kọ́ fún àlejò láti ọdún 2005: wákàtí ẹ̀kọ́ 600 fún èdè, a sì tún ń kọ́ wọn ní òfin àti àṣà ìlú náà.

Èdè náà kò rọ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan ní akọ, abo, tàbí èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo: tábìlì jẹ́ akọ, ilẹ̀kùn jẹ́ abo, ilé kò jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ọmọ Yorùbá tí "ó" kan ṣoṣo ń jẹ́ ọkùnrin, obìnrin àti àga fún, yóò kọ́ "der", "die" àti "das" mọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ́ oríkì. Síbẹ̀ ibi tí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn wà. Ará Jámánì kì í sọ "ogún àti ọ̀kan". "Ọ̀kan àti ogún" ni ó ń wí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ mọ́kànlélógún. Wọ́n sì ní "du" fún ọ̀rẹ́ àti ọmọdé, "Sie" fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, bí ìwọ àti ẹ̀yin tiwa gẹ́lẹ́.

Àwa òbí ni a ń san owó ẹ̀kọ́ yìí. A ń jí àwọn ọmọ kí wọ́n lọ sí kíláàsì, a ń gbàdúrà fún ìdánwò wọn. Bí ọmọ bá ní èdè náà le, à ń dá a lóhùn pé, "Bí o kò bá gbọ́ èdè wọn, báwo ni ìwọ yóò ṣe bá wọn gbé?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kan bàbá tí ó sọ ọ́ pẹ̀lú. Ìlú tí ọmọ kò tíì dé, tí kò mọ̀ bí wọn yóò gbà á, ó ti ń kọ́ èdè rẹ̀. Ìlú tí bàbá ń sùn tí ó ń jí láti ọgbọ̀n ọdún, tí ó ti ń jẹun, tí ó ti kọ́lé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mo dúpẹ́".

Àwọn Jámánì náà mọ iyì Bìní. Ìwé ńlá tí Felix von Luschan ṣe lórí àwọn ohun ọnà tí a kó kúrò ní ààfin yìí ní ọdún 1897, èdè Jámánì ni ó fi kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 1919. Ní ọdún 2022, ìjọba Jámánì gbà pé ti Nàìjíríà ni àwọn ohun náà, ó sì kó díẹ̀ nínú wọn padà wálé ní oṣù December ọdún náà. Ọmọ tí ó bá gbọ́ Jámánì tí ó sì gbọ́ Ẹ̀dó, irú iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ kò kéré.

ÈDÈ Ẹ̀DÓ KÒ JÌNNÀ SÍ WA

Bí a bá fi Jámánì wé Ẹ̀dó, bí ẹni tí ó ń rin ìrìn-àjò òkun tí ó wá rí ọjà lẹ́yìnkùlé ni. Ìbátan ni Yorùbá àti Ẹ̀dó. Ọba ń jẹ́ ọba nínú méjèèjì. Ọmọ ń jẹ́ ọmọ. Nígbà tí Jacob Egharevba, òpìtàn ńlá ìlú yìí, tẹ ìwé ìtàn Bìní jáde ní èdè ara rẹ̀ ní ọdún 1933, "Ekhere Vb'Itan Edo" ni ó pè é. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá ti rí "ìtàn" níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀. Ewé ni wọ́n ń pè ní "ebe", òun náà sì ni wọ́n ń pe ìwé. Àwa náà mọ̀ pé ewé àti ìwé kò jìnnà síra wọn.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà: eva, eha, enẹ, isẹn ni èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrùn-ún. Igbe ni ẹ̀wá, ugie ni ogún. Ogún-ogún ni wọ́n ń kà bí àwa: iyeva ni ogójì, iyeha ni ọgọ́ta, iyenẹ ni ọgọ́rin. Wọ́n tilẹ̀ ń yọ nínú ogún gẹ́gẹ́ bí a ti ń yọ ẹ̀rin kí a tó pe ẹ̀rìndínlógún. Ìyá wa tí ó ń tajà, tí ó mọ ìṣirò Yorùbá dáadáa, ti mọ ìlàjì ọ̀nà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èdè olóhùn sì ni pẹ̀lú. Etí wa ti mọ́ra.

Ibi tí ó le wà, ó yẹ kí a sọ ọ́. Àwọn ìró kan wà níbẹ̀ tí kò sí ní Yorùbá: "kh", "gh", "vb", "rh", àti "v" àti "z" tí ahọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa máa ń sọ di "f" àti "s". "Kh" inú "okhuo", tí ó jẹ́ obìnrin, ọ̀fun ni ó ti ń jáde. Ẹ pe ọmọ yín tí ó ń kọ́ Jámánì kí ó pe "acht", tí ó jẹ́ ẹ̀jọ. Ìró kan náà ni. Wọ́n tún ń yí iwájú ọ̀rọ̀ padà láti fi ọ̀pọ̀ hàn: okhuo kan, ikhuo púpọ̀, okpia ni ọkùnrin kan, ikpia ni àwọn ọkùnrin. Àwa a kàn fi "àwọn" sí i.

Ọ̀kan wà tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Nígbà tí ọmọdé Ẹ̀dó bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà, "u ru ẹsẹ" ni ó ń wí, ìyẹn ni pé ìwọ ṣe oore. Ẹni tí ó ń fi etí Yorùbá gbọ́ ọ yóò ní, "Ọmọ yìí kò ní ẹ̀kọ́, ó ń fi ìwọ pè mí." Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀wọ̀ tiwọn wà nínú ìkúnlẹ̀ àti nínú ìkíni. Ìkíni òwúrọ̀ ìdílé kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. "La'mogun" jẹ́ ti ìdílé ọba. Bí ẹ bá mọ ìkíni ilé tí ẹ wọ̀, ẹ ti bọlá fún wọn ju kí ẹ gbé ọtí lọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí kò mọ èyí rere nínú èdè onílé, àpò wo ni yóò ti yọ obì?

ÀWỌN ÀWÁWÍ TÍ A MÁA Ń GBỌ́

Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì àti píjìn ti tó. Wọ́n tó láti ra ata, wọn kò tó láti ṣọ̀fọ̀. Bí aládùúgbò bá pàdánù ìyá rẹ̀, tí a wọlé tí a ń fi píjìn bá a kẹ́dùn, ó mọ̀ pé a wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa kò dé ibi tí ó ti ń dùn ún.

Àwọn mìíràn ní àgbà kò lè kọ́ èdè bí ọmọdé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ọmọdé yóò sọ ọ́ bí onílé, ohùn àgbà yóò ṣì máa fi hàn pé àlejò ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀ rí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àgbà ń tètè mú ìlànà èdè àti ọ̀rọ̀ ju ọmọdé lọ, nítorí pé ó ti mọ ohun tí èdè jẹ́, ó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó ń dá wa dúró ni ìtìjú. Àgbà kò fẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwa tí inú wa ń dùn nígbà tí ọmọ Ẹ̀dó bá kí wa ní "ẹ káàárọ̀" pẹ̀lú ohùn tí ó wọ́, ṣé inú tiwọn ni kò ní dùn? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù, àwọn àgbà wa ni wọ́n sì ń sọ ọ́: "Bí a bá ń kọ́ Ẹ̀dó, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá? Àwọn ọmọ wa kò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́." Ẹ̀rù yìí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀dó kọ́ ni ó gba Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Àwa ni a ń bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé kí wọ́n lè dà bí ọ̀mọ̀wé. Ọmọdé lè gbọ́ èdè mẹ́ta láìdàrú. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ààlà ilẹ̀ wa, ní apá Ọ̀wọ̀ àti Àkókó, ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1977 náà sọ pé èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ. Kò sọ pé kí ọ̀kan pa èkejì.

OHUN TÍ A Ń BẸ ẸGBẸ́ FÚN

Ẹ̀bẹ̀ wa kò ju mẹ́rin lọ.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì èdè Ẹ̀dó fún àgbà, ní alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lálẹ́ kan. Bí a bá ṣe é fún ogójì ọ̀sẹ̀ lọ́dún, wákàtí 160 nìyẹn. Kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí Jámánì ń fún àlejò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe é tán yóò lè nájà, yóò lè kí òkú àti alààyè, yóò sì mọ̀ bí wọ́n bá ń dárúkọ òun. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èkejì, kí olùkọ́ jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, kí a sì san owó fún un bí ó ti yẹ. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di "ẹ wá ràn wá lọ́wọ́". Kí a ra ìwé atúmọ̀ Ẹ̀dó sí Gẹ̀ẹ́sì tí Rebecca Agheyisi ṣe, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ìlú yìí gan-an ní ọdún 1986, kí ó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí kíláàsì Yorùbá wà fún àwọn ọmọ wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn kan náà, kí a sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọmọ Ẹ̀dó tí ó bá fẹ́ wá. Nígbà tí ọmọ bá rí i pé bàbá òun ń gbé ìwé lọ sí kíláàsì lálẹ́ Túsìdeè, kò ní sọ pé ẹ̀kọ́ Sátidé jẹ́ ìyà.

Ẹ̀kẹrin, kí a yọ ìdá mẹ́wàá nínú gbogbo owó tí a bá rí lónìí fún iṣẹ́ yìí, kí a fi sí àpò ọ̀tọ̀, kí akápò máa ka ìṣirò rẹ̀ síta ní ìpàdé gbogbogbòò. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí gbọ̀ngàn kọ́kọ́ parí ná. Gbọ̀ngàn lè gba ọdún márùn-ún. Ní ọdún márùn-ún, ẹni tí ó jẹ́ àádọ́ta lónìí yóò di márùn-úndínlọ́gọ́ta, yóò sì tún ní ọjọ́ ti lọ. Kíláàsì kò ní láti dúró de òrùlé; àga ogún àti pátákó kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀, pálọ̀ ọ̀kan nínú wa sì lè gbà á.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ilé kò gbàgbé wa, àwa náà kò gbàgbé ilé. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ tí a ń lò níbí àti èyí tí a ń lò nílé ní ọdún kan, kí a tó sọ èyí tí ó jẹ́ àjò. Ìlú tí ó gbà wá, tí ó fún wa ní ilẹ̀, tí ó sin òkú pẹ̀lú wa, ó yẹ kí a lè fi èdè rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

 Ẹgbẹ́ wa yóò dàgbà, kò ní fọ́. Owó tí a ó ná lónìí yóò padà sí àpò wa ní ìlọ́po ìlọ́po. Àlàáfíà ìlú Bìní ni àlàáfíà wa. Ọba yóò pẹ́ lórí oyè, àwa náà yóò pẹ́ láyé. Ẹ̀yin ará Ẹ̀dó tí ẹ bá wa péjọ: u ru ẹsẹ. Ire o.